Eyín, Èékánná Méjì àti Ìrù

Ẹranko náà ní ẹnu tó lè gé igi sí méjì, ọwọ́ méjì tí èékánná wọn gùn bí ọ̀bẹ, àti ìrù tó nípọn bí òpó iná. Ìrísí rẹ̀ kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìròyìn, mo ti jókòó síwájú àwọn tó burú jù ú lọ, wọ́n sì fi omi tútù lọ̀ mí. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni iye ìgbà tí yóò kọlù wá kó tó kan wá láti dá a padà.

Eré ni mò ń sọ, n kò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, àgbàlagbà mẹ́rin máa ń jókòó yí tábìlì ìjẹun kan ká ní fúláàtì Tíṣà, nínú ẹ́sítéètì Ìbà. Tíṣà ni olùdarí eré. Ọmọ Èkìtì ni, ó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko àti ewéko, ó sì ti fẹ̀yìn tì báyìí. Òun ló máa ń sọ ohun tó wà níwájú wa: odò, irà, abúlé, ẹranko. Àwa mẹ́ta yòókù, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ènìyàn kan lórí ìwé, pẹ̀lú agbára rẹ̀, ohun ìjà rẹ̀ àti iye ẹ̀mí rẹ̀. A ó sọ ohun tí ènìyàn wa fẹ́ ṣe, a ó sì ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. Dáìsì náà jọ ti lúdò, àmọ́ ogún ni ojú rẹ̀. Bí iye tó jáde bá tó, ọ̀kọ̀ rẹ wọlé. Bí kò bá tó, afẹ́fẹ́ lo gún.

Ẹnì kan níléeṣẹ́ wa bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí tí mo fi ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Mo ní méjìdínlọ́gọ́ta. Ó ní ṣé ojú ò tì mí. Mo ní rárá. Ní ẹ́sítéètì náà, ìyá kan tó ń gbé lókè fúláàtì Tíṣà gbọ́ tí à ń pariwo ẹ̀jẹ̀ àti ẹranko, ó wá kan ilẹ̀kùn láti mọ̀ bóyá àdúrà là ń gbà tàbí ìjà là ń jà. Tíṣà ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó gbé àga fún un. Ìyá náà jókòó, ó wo bí a ṣe ń ju dáìsì, tí à ń rò ó pọ̀, tí à ń yọ ọ́ kúrò. Kò pẹ́ tó fi dìde. Ó ní, "Ìṣirò yín ti pọ̀ jù fún èṣù." Kò padà wá mọ́.

Òótọ́ ni pé ìṣirò pọ̀ níbẹ̀. Ènìyàn tó mú ọ̀kọ̀ dání ń gún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìyípo kan, ìyẹn ni pé lẹ́ẹ̀kan kí eré tó kárí gbogbo wa. Ẹranko kò mú nǹkan kan dání. Ara rẹ̀ ni ohun ìjà rẹ̀, gbogbo ibi tó bá sì lè pani lára lára rẹ̀ ló ní ìkọlù tirẹ̀. Eyín, ọ̀kan. Èékánná ọ̀tún, ọ̀kan. Èékánná òsì, ọ̀kan. Ìrù, ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Tíṣà yóò ju dáìsì, nígbà tí tiwa jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan.

Lórí tábìlì wa, gbogbo ìkọlù yẹn ló máa ń wá pẹ̀lú agbára kan náà. Ìrù le bí eyín. Ẹranko a sáré láti ọ̀nà jíjìn, kó tó mí, ó ti bù ọ́ jẹ, ó ti ya ọ́ lápá ọ̀tún, ó ti ya ọ́ lápá òsì, ó ti fi ìrù gbá ọ ṣubú. Bí Tíṣà ṣe kà á nínú ìwé òfin eré náà nìyẹn. Fotokópì ni ìwé yẹn, wọ́n fi sítépù dè é létí, ojú ìwé méjì ló sì wà lórí tákàdá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń lọ sí òkè òkun ló yá Tíṣà ní ojúlówó rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó gbéra.

Ọdún mẹ́ta la fi ṣeré bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ẹranko kọ́ wa ní ọgbọ́n. A mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn, bí wọ́n ṣe ń gun igi, bí wọ́n ṣe ń ju ọ̀kọ̀ láti òkèèrè. Síbẹ̀, mẹ́ta nínú àwọn ènìyàn wa kú. Alhaji pàdánù méjì, èmi pàdánù ọ̀kan, asáréjíṣẹ́ kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Òfin tábìlì wa ni pé ẹni tó bá kú ti kú nìyẹn. Tíṣà á mú ìwé ẹni náà, á fi sínú àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan, a ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹlòmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Alápatà ni Alhaji. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ní ìsọ̀ ní Òkòkómáíkò. Ẹran ló gbé wá fún Tíṣà ní Sátidé kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ wa. Nígbà tí asáréjíṣẹ́ mi fẹ́ wọ inú ihò kan, Alhaji ní kí n má wọ̀ ọ́, pé òórùn tí Tíṣà ṣàpèjúwe yẹn, òórùn ẹran tó ti kú fún ọjọ́ mẹ́ta ni. Wọ́n ní kó jókòó. Kò tíì dìde látìgbà náà.

Ẹnì kẹta ni Sístà. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kan ní Òjó. Ọdẹ obìnrin ló ń fi ṣeré, ọdẹ náà nìkan ló sì ṣẹ́kù nínú àwọn tí a fi bẹ̀rẹ̀. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tó fi ń pa ọdẹ yẹn mọ́ tó bẹ́ẹ̀, torí ó máa ń fi ọ̀rá wé ìwé rẹ̀ kí omi má bàa kàn án. Ó ní, "Àǹtí, níbi iṣẹ́, bí mo bá gba ẹnì kan là, orúkọ ẹlòmíràn ló máa ń wà nínú fáìlì. Eléyìí, èmi ni mo kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀."

Ní Sátidé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọdẹ náà dúró níwájú afárá kan. Igi méjì tí wọ́n fi okùn so pọ̀ ni afárá ọ̀hún, lórí omi irà tí igi ògùrọ̀ yí ká. Tíṣà kì í fi ilé àwọn ọba òyìnbó ṣeré. Ẹ̀yìn Ọ̀tọ̀-Àwórì ló máa ń wà lójú rẹ̀ bó bá ń ṣàpèjúwe irà. Àwọn ará abúlé kan ń sá kọjá lórí afárá yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tíṣà ní ìyípo mẹ́ta ni yóò gbà kí gbogbo wọn tó kọjá tán. Lódì kejì omi, alágbẹ̀dẹ tí Alhaji fi ń ṣeré báyìí jókòó ti okùn afárá pẹ̀lú àáké lọ́wọ́ láti gé e bí gbogbo wọn bá ti kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Ènìyàn tèmi wà ní abúlé míràn, nítorí náà bírò nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Mo máa ń kọ gbogbo ohun tí dáìsì bá sọ sílẹ̀. Àṣà iṣẹ́ ni.

Ẹranko náà jáde láàárín igi ògùrọ̀, ó jìnnà sí ọdẹ tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà. Tíṣà ní, "Ó sáré, ó dé ọ̀dọ̀ ọdẹ, ó kọlù ú. Eyín, èékánná, èékánná, ìrù." Ó na ọwọ́ sí dáìsì.

Gbogbo wa mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ̀mí mẹ́rìnlélógún ló kù fún ọdẹ náà. Bí ìkọlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá bà á, ó ti kú, kò sì tíì gbé ọ̀kọ̀ sókè. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyípo méjì ló kù tí ẹranko yóò fi wà lórí afárá pẹ̀lú àwọn ará abúlé.

Alhaji gbé àtẹ́lẹwọ́ bo dáìsì. Ó ní, "Tíṣà, ẹ dúró. Ẹranko yẹn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Tíṣà ní ó wà nínú ìwé. Alhaji ní òun ò bá ìwé jà, ẹranko lòun mọ̀. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè títí dé èjìká. Àpá kan wà níbẹ̀ tó jìn tó sì dúdú. Àpá kejì wà nísàlẹ̀ ìgúnpá, ó kàn fẹ̀ ni, kò jìn. Ó fi ìka kan ti òkè. "Eléyìí, ìwo màlúù ni." Ó fi kan ti ìsàlẹ̀. "Eléyìí, ẹsẹ̀ ni. Màlúù kan náà, ọjọ́ kan náà. Ìwo ló fi wá mi wá. Ẹsẹ̀, ó kàn rí mi níbẹ̀ ni."

Tíṣà ní màlúù kì í ṣe ẹranko inú irà.

"Ẹ gbọ́ mi," ni Alhaji wí. "Tó bá ṣì ń sáré bọ̀, orí nìkan ló máa fi kàn ọ́. Kó tó lè fi gbogbo ara jà, ó gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹsẹ̀ tó gbé e dúró, ṣé ẹsẹ̀ yẹn ló tún máa fi gbá yín? Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ẹranko. Mi ò fẹ́ bú yín."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí Tíṣà fajú ro lórí tábìlì. Ó ní òun ti fi ìwé yẹn darí eré fún ọdún mẹ́ta, pé mẹ́ta ti kú nínú rẹ̀, òun ò sì ní yí i padà nítorí àpá apá ẹnì kan. Alhaji kò gbé ọwọ́ kúrò lórí dáìsì. Sístà ń wo ìwé ọdẹ rẹ̀. Bí a ṣe tú ká lọ́jọ́ náà nìyẹn, láìparí ìyípo kan. A fi ọdẹ sílẹ̀ níwájú afárá fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Tí ẹni méjì bá ń jiyàn lórí ohun tó wà nínú ìwé, iṣẹ́ mi ni láti lọ wo ibi tí ìwé ti wá. Mo yá fotokópì náà lọ́wọ́ Tíṣà, mo sì tẹjú mọ́ ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ ìkọlù ẹranko wà. Nísàlẹ̀ pátápátá, mo rí àwọn ibi dúdú kéékèèké ní ìlà kan, bí orí àwọn lẹ́tà tí wọ́n bẹ́ ọrùn wọn. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, mo lọ sí Ìyànà Ìbà. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ fotokópì ló wà lágbègbè ẹnu ọ̀nà yunifásítì, àmọ́ orúkọ ìsọ̀ wà lẹ́yìn ìwé wa. Obìnrin tó ni ín ń bá akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró títí ó fi dá mi lóhùn. Mo fi ìwé hàn án, mo sì bi í bóyá ó rántí rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá arúgbó kan, ó ní dígí lójú, ó ń sọ Èkìtì. Mo rántí. Àwòrán ẹranko ló wà nínú ìwé yẹn, ọmọ mi obìnrin sunkún."

Mo ní kí ló dé tí ìsàlẹ̀ ìwé fi gé. Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ̀sùn kàn án, ó sì sọ èyí tí mo kọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́: "Mọ́mì, èmi kọ́. Bàbá yẹn ló ní kí n fi ojú ìwé méjì sójú kan. Mo sọ fún un pé tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ máa lọ díẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan pàtàkì nísàlẹ̀ ìwé, pé nọ́ńbà ojú ìwé ló máa ń wà níbẹ̀."

Mo bi í bóyá ọ̀nà kankan wà láti rí ohun tó lọ. Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń wá nǹkan kiri. Ó ní òun kì í pa nǹkan tí òun bá ti fi ẹ̀rọ ya rẹ́, torí pé ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ bá bèèrè lọ́dún yìí ni wọ́n máa tún bèèrè lọ́dún tó ń bọ̀. Kò pẹ́, ẹ̀rọ rẹ̀ pọ ojú ìwé kan jáde, ó gbóná, ó tóbi, ó sì pé.

Ìlà mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ìsọ̀ náà, mo fi Yorùbá kọ kókó wọn sínú ìwé àjákọ mi. Ìlà kìíní ní ọ̀kan nínú ohun ìjà ara ẹranko ni àgbà, òun ló sì ń lo gbogbo agbára rẹ̀. Ti ẹranko wa, eyín ni. Ìlà kejì ní àwọn yòókù, àbúrò ni wọ́n: ẹni tó bá ju dáìsì fún wọn gbọ́dọ̀ yọ márùn-ún kúrò, bí wọ́n bá sì ba ènìyàn, ìlàjì agbára ẹranko ló máa wà lẹ́yìn wọn. Ìlà kẹta ní ẹranko tó bá ti sáré kó tó kọlù ènìyàn, ìkọlù kan ṣoṣo ló ní. Bó bá fẹ́ lo gbogbo rẹ̀, àfi kó dúró lójú kan. Ìlà kẹrin ní bó bá mú ohun ìjà dání, ọwọ́ tó fi mú un kò lè ya ènìyàn mọ́, gbogbo ohun ìjà ara rẹ̀ á sì di àbúrò fún èyí tó mú dání.

Alápatà tí kò ka ìwé náà rí ti sọ méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo rántí asáréjíṣẹ́ mi. Ìrù ló pa á. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi padà, mo wò ó. Ẹranko ti sáré kó tó gbá a. Inú bí mi lórí bẹ́ńṣì yẹn ju bó ṣe yẹ kí inú bí arúgbó lórí ẹni tí kò sí.

Nígbà tí Sátidé dé, mo gbé ojú ìwé náà sórí tábìlì níwájú gbogbo wọn. Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ́kọ́ ní ìwé tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni ìwé tí a ó fi parí. Mo ka ọ̀rọ̀ obìnrin oní-fotokópì fún un bó ṣe sọ ọ́, títí kan nọ́ńbà ojú ìwé. Ó bọ́ dígí rẹ̀. Alhaji wo ibòmíràn. Kò fi í ṣẹ̀sín, mo sì yìn ín fún ìyẹn nínú ọkàn mi.

Tíṣà ní, "Ó dáa. A bẹ̀rẹ̀ ìyípo yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, òfin tó pé la ó lò. Sístà, ìwọ ni kó kọ́kọ́ ṣe. Tí o bá dúró níbi tó o wà, ẹranko á sáré wá, á bù ọ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan. Kò lè pa ọ́ nínú ìyípo yìí."

Ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé ó ti parí. Alhaji tiẹ̀ ń gbà á nímọ̀ràn pé kó máa sá yí igi ògùrọ̀ ká, kí ẹranko máa sáré tẹ̀ lé e, ẹnu kan, ẹnu kan, títí tó fi máa rẹ̀ ẹ́.

Sístà ní kí n tún ka ìlà kẹta. Mo kà á. Ó bi Tíṣà bóyá ẹranko náà á tẹ̀ lé òun lóòótọ́ bí òun bá sá. Tíṣà ronú díẹ̀, ó ní ebi ló ń pa á, ibi tí ẹran bá pọ̀ sí ló máa lọ, orí afárá sì ni ẹran pọ̀ sí. Sístà ní bí òun bá dúró lẹ́nu afárá ńkọ́. Tíṣà ní ọrùn rẹ̀ gùn. Bó bá ti dé ibẹ̀, ó lè yan ẹni tó bá wù ú.

"Àmọ́ tó bá fẹ́ lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò ní kúrò lójú kan," ni Sístà wí.

"Kò ní kúrò."

"Nígbà náà, èmi ni mo máa lọ bá a."

Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ lóye. Alhaji ló lóye ṣáájú wa. Ó ní, "Sístà, ẹ má ṣe é. Ẹ fẹ́ lọ fún un ní gbogbo ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀."

Sístà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Bí òun bá dúró sí abẹ́ ẹnu rẹ̀, kò ní sáré mọ́; á dúró síbẹ̀ láti fi gbogbo ara jà, bó bá sì dúró síbẹ̀, kò ní dé afárá. Ìyípo mẹ́ta lòun ń wá. Èmi náà bẹ̀ ẹ́. Mo ní mo rìn lọ rìn bọ̀ lóòrùn nítorí ìlà mẹ́rin yẹn, kì í ṣe kó lè lọ kú. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, níbi iṣẹ́, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún mi pé kí n dúró kí ẹni tó jù mí lọ dé. Mi ò dúró lónìí." Ó gbé dáìsì.

Ọdẹ sáré jáde síwájú, ó gún ẹranko léjìká. Ọ̀kọ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ló kan Tíṣà, ó sì ju tirẹ̀ síta gbangba kí gbogbo wa lè rí i. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé kó tó ba ọdẹ. Eyín, mọ́kànlá, ó fi méje tí gbogbo ìkọlù ẹranko náà máa ń gbà lé e, ó bà á. Ẹ̀mí mọ́kànlá lọ. Èékánná ọ̀tún, mẹ́sàn-án. Bá a ti yọ márùn-ún kúrò, kò tó. Èékánná òsì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó bà á, àmọ́ ẹ̀mí mẹ́rin péré ló mú. Ìrù, mẹ́wàá, kò tó. Ẹ̀mí mẹ́sàn-án ṣì wà lára ọdẹ. Mo ṣe ìṣirò òfin àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé mi. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ì bá wọlé. Ibẹ̀ ni ì bá kú sí, nínú ìyípo kìíní.

Ẹranko náà kò kúrò lójú kan. Tíṣà ní ìdajì àwọn ará abúlé ti kọjá.

Nínú ìyípo kejì, ọ̀kọ̀ Sístà gún afẹ́fẹ́. Eyín tàsé. Èékánná kan bà á, ìkejì tàsé, ìrù bà á. Ẹ̀mí méjì ló kù. Tíṣà fi ọwọ́ lé dáìsì mọ́lẹ̀, ó ní àwọn tó kù lórí afárá kò ju mẹ́ta lọ, pé ọdẹ lè sá báyìí bó bá fẹ́. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí."

Sístà bi í bóyá ẹni mẹ́ta yẹn ti kọjá.

"Rárá. Ó ku ìyípo kan."

"Ta ni wọ́n?"

Tíṣà kò múra sílẹ̀ fún ìbéèrè yẹn. Ó ní ìyá kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin, àti ọmọ-ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n. Sístà mi orí. Ó gún ẹranko náà, ọ̀kọ̀ wọ abẹ́ apá rẹ̀ dáadáa, èyí tó dára jù lọ́jọ́ náà. Tíṣà ju dáìsì fún eyín. Mẹ́rìndínlógún.

Kò ju èékánná. Kò sí ìdí.

Ẹnì kan ń gún fùfú nínú ọgbà ilé kejì, à ń gbọ́ ọ. Tíṣà dìde, ó lọ sínú yàrá, ó gbé àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ náà wá, ó yọ ìwé mẹ́ta àwọn tó ti kú jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó na ọwọ́ sí ìwé ọdẹ, kò mú un, ó kàn fi ìka kàn án. Ó ní òun ti ṣàṣìṣe. Ó ní òun lòun gé ìwé, òun lòun pa wọ́n, nítorí náà kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà wá. Òun á wá ọ̀nà tí yóò bá ìtàn mu.

Alhaji fa méjì tirẹ̀ mọ́ra kíá. Ó ní òun ò ní ṣe agídí, kí Tíṣà jí wọn, kí wọ́n sì jí pẹ̀lú bàtà tuntun. Èmi náà gba asáréjíṣẹ́ mi. Mi ò ní parọ́, mo gbá a mú ni.

Sístà ti ìwé ọdẹ rẹ̀ sọ́dọ̀ Tíṣà. Ó ní kó fi í sínú àpò.

Tíṣà ní kó má bínú, pé ohun tó ṣe àwọn yòókù ló ṣe é.

Ó ní, "Kì í ṣe ohun kan náà, Tíṣà. Àwọn yẹn, ìwé tí wọ́n gé ló pa wọ́n. Tèmi, ẹranko ló pa á. Ó lo gbogbo ohun tó ní, mo sì dúró fún ìyípo mẹ́ta. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi."

Ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì nù ún. Tíṣà mú ìwé náà, ó ká a dáadáa, ó fi í sínú àpò, òun nìkan ṣoṣo nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó ní àwọn mẹ́ta yẹn ti kọjá, àmọ́ eré kò tíì parí, pé ẹranko ṣì wà láàyè, ó ti fara gbọgbẹ́, ó sì ti yíjú sí afárá. Ó bi Alhaji pé kí ni alágbẹ̀dẹ fẹ́ ṣe.

Alhaji ní alágbẹ̀dẹ á wọ́ ara rẹ̀ kọjá sí ìhà kejì. Ó ní òun ò lè fi òkú ọdẹ sílẹ̀ fún nǹkan yẹn kó jẹ ẹ́. Mo rán an létí pé ẹsẹ̀ alágbẹ̀dẹ ti kán. Ó ní òun mọ̀.

"Alhaji," ni Sístà wí, "ẹ gé okùn yẹn."

Alhaji ti di dáìsì mú. Ó wo Sístà, ó wo Tíṣà, ó wo èmi, bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò gbè é lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó gbè é. Ó gbé dáìsì sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.

Ó ní, "Alágbẹ̀dẹ gé e."